Káńtà solid surface: bí a ṣe ń gé e, tí a ń lẹ̀ ẹ́, tí a sì ń tò ó kí ó má baà sán

Bí o bá rí káńtà solid surface tó sán, má tíì bá ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣíìtì náà jà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ẹni tó tò ó ni ọ̀ràn ti wá: ó ṣe é bí ẹni ń ṣe òkúta, tàbí bí ẹni ń ṣe pákó. Kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe pákó. Ike tí wọ́n po ìyẹ̀fun mọ́ ni. Ike a sì máa fẹ̀ bí ooru bá mú un, a máa sún kì bí òtútù bá dé. Gbogbo òfin tó wà nísàlẹ̀ yìí, láti orí àlàfo ẹ̀gbẹ́ ògiri dé orí igun ihò sítóòfù, inú ọ̀rọ̀ kan yìí ni wọ́n ti jáde.

Ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ohun tí o máa bèèrè kí o tó rà á

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ acrylic, ìyẹn ike inú rẹ̀. Ìdá méjì yòókù jẹ́ ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí láti ara bauxite, òkúta kan náà tí wọ́n ti ń yọ alumíníọ́mù. ATH ni wọ́n ń pe ìyẹ̀fun yìí. Àwọ̀ ṣíìtì kò dúró sí ojú nìkan, ó wọ inú lọ dé ẹ̀yìn, ìdí sì nìyẹn tí o fi lè fi sáńpépà ha ibi tí ọ̀bẹ ti fà, tàbí ibi tó jóná díẹ̀, kí ó sì padà sí bó ṣe wà. Kò ní ihò wínníwínní tí omi tàbí epo lè gbà wọlé, nítorí náà a kì í kùn ún ní ohunkóhun láti dáàbò bò ó.

DuPont ló kọ́kọ́ ṣe é ní àwọn ọdún 1960, Corian sì ni orúkọ tí wọ́n fún un. HIMACS, Staron, Hanex àti Krion náà ti wà lọ́jà báyìí. Oríṣi kan tún wà tí wọ́n fi polyester, ike oríṣi mìíràn, ṣe, tàbí tí wọ́n po polyester mọ́ acrylic. Èyí kò ṣeé tẹ̀ bí acrylic gidi, ó máa ń gan ju u lọ, oòrùn sì tètè ń sọ àwọ̀ rẹ̀ dà. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí o máa bi ẹni tó ń tà á ni pé: acrylic pátápátá ni, àbí polyester wà nínú rẹ̀? Bí kò bá lè dáhùn, tí kò sì ní ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ́wọ́, lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn èèyàn a máa pè é ní quartz. Quartz yàtọ̀. Ìyẹn, òkúta lílọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì kún fún silica tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń gé e jẹ́, débi pé orílẹ̀-èdè Ọsirélíà fòfin de irú òkúta àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2024. Eruku acrylic àti ATH kò ní irú ewu yẹn. Ṣùgbọ́n eruku ni eruku ń jẹ́: so ẹ̀rọ tó ń fa eruku mọ́ ráútà rẹ (ẹ̀rọ oníná tí a fi ń gé etí àti ihò), kí o sì lo ìbòmú tó dì dáadáa.

Níbi tí mi ò ti ní gbà ọ́ nímọ̀ràn láti lò ó ni ìdí ààrò tàbí ibi tí ìkòkò gbígbóná ti ń bọ́ sórí káńtà láìsí ohun tí wọ́n gbé e lé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà bí ooru bá ti kọjá 100°C. Àwọ̀ dúdú tó ń dán gbinrin náà, rò ó lẹ́ẹ̀mejì: gbogbo bí ọ̀bẹ bá ṣe kàn án ló máa hàn. Àwọ̀ tó mọ́ díẹ̀, tó ní wínníwínní lára, tí a kò dán jù, òun ló máa ń bo àṣírí.

Ìwọ̀n àti gbígbé

Ṣíìtì tó wọ́pọ̀ jù fún káńtà nípọn tó 12 mm, ó gùn tó 3,680 mm, ó sì fẹ̀ tó 760 mm. Ti 6 mm wà fún ara ògiri. Mítà kan níbùú lóròó ti 12 mm wúwo tó nǹkan bí 20 kg, nítorí náà odindi ṣíìtì kan súnmọ́ 57 kg. Èèyàn méjì ló ń gbé e, wọ́n á sì gbé e ní ìdúró, bí a ṣe ń gbé gíláàsì fèrèsé. Bí wọ́n bá gbé e ní ìdùbúlẹ̀, àárín rẹ̀ á rọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí a bá ti gbẹ́ ihò síńkì sí i, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń kán.

Yí ṣíìtì padà kí o ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn. Àwọn ṣíìtì tí o fẹ́ lẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan náà tí wọ́n ṣe jáde. Àwọ̀ kan náà tí wọ́n ṣe ní oṣù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọra nínú ọjà, kí ó wá ṣe bíi funfun àti wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú kíṣìnì. Kí o tó gé ohunkóhun, jẹ́ kí ṣíìtì, síńkì àti gọ́ọ̀mù sùn mọ́jú nínú ṣọ́ọ̀bù kí gbogbo wọn lè gba ooru kan náà.

Ìṣirò àlàfo

Mítà kan ṣíìtì máa ń gùn sí i tó nǹkan bí 0.035 mm bí ooru bá fi ìwọ̀n kan (1°C) lọ sókè. Ó kéré létí, àbí? Ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Káńtà tó gùn tó mítà 3.5, tí ooru ibẹ̀ sì ń lọ láti 18°C ní òru sí 38°C ní ọ̀sán: 3.5 × 0.035 × 20 jẹ́ 2.45 mm. Bí ògiri bá fún un pa lápá ọ̀tún àti lápá òsì, níbo ni mílímítà méjì àbọ̀ yẹn fẹ́ gbà? Yálà káńtà á gbé àárín sókè, tàbí oríkèé (ibi tí a ti lẹ ṣíìtì méjì pọ̀) á yà, tàbí igun ihò kan á sán. Nítorí náà, fi 3 mm sílẹ̀ níbi gbogbo tí káńtà bá ti kọjú sí ògiri, òpó tàbí kábínẹ́ẹ̀tì gíga. Sílíkọ́ọ̀nù, gọ́ọ̀mù tó máa ń rọ̀ bíi rọ́bà, ni yóò dí àlàfo náà. Má fi sìmẹ́ǹtì tàbí ohun tó ń le gbagidi dí i.

Ohun tí káńtà ń jókòó lé

Gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé kábínẹ́ẹ̀tì. Lórí mítà mẹ́ta, ibi tó ga jù àti ibi tó rẹlẹ̀ jù kò gbọdọ̀ fi ju 3 mm ju ara wọn lọ. Lẹ́yìn náà, ge pláìwúùdù 18 mm tí omi kì í bà jẹ́ ní pẹlẹbẹ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 100 mm. Kàn án mọ́ orí kábínẹ́ẹ̀tì níwájú àti lẹ́yìn, kí o sì fi àwọn kúkúrú dábùú láàárín wọn, kí ó má ṣe ju 600 mm lọ láti ìkan sí èkejì. Ibi mẹ́ta wà tí ìdábùú kò gbọdọ̀ má sí: abẹ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún àti òsì síńkì, ọ̀tún àti òsì sítóòfù.

Àwọn káfíńtà míì á fẹ́ tẹ́ odindi pláìwúùdù sábẹ́ káńtà, wọ́n ní kí ó lè lágbára. Má gbà fún wọn. Odindi pákó á há ooru mọ́ abẹ́ ṣíìtì, bí omi bá sì kàn án lọ́jọ́ kan, á wú, á sì tì í sókè. Ìlà pláìwúùdù tó ní àyè láàárín ló dára, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Iwájú káńtà tó yọ jáde láìsí ohun tó gbà á kò gbọdọ̀ ju 150 mm lọ. Bí o bá fẹ́ kó yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ibi tí èèyàn á jókòó jẹun sí, fi irin gbà á láti abẹ́.

Gígé

Ráútà ni olórí irin iṣẹ́ níbí. Èyí tí agbára rẹ̀ tó 1,500 W, tó ń gba bíìtì (ọ̀bẹ tó ń yí lẹ́nu rẹ̀) tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn tó 12 mm, ló tọ́. Bíìtì carbide (irin tó le gan-an) ẹlẹ́nu méjì ni kí o lò. Fún ìgé tó gùn, ayùn oníná tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 300 mm, tó ní eyín carbide 80, á gé e mọ́ láìfọ́ etí.

Jigsaw, ayùn oníná kékeré tí a ń fọwọ́ mú, ńkọ́? Òun ni ọ̀tá. Bó ṣe ń lọ sókè sódò ló ń já etí ṣíìtì ní wínníwínní, ojú lè má rí i. Ògiri tí kò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́: ibi jíjá wínníwínní yẹn ni sísán máa gbà wọlé ní ọjọ́ tí ooru bá fà á. Bí kò bá sí ọgbọ́n míì, fi jigsaw gé e kí ihò kéré ní 3 mm yí ká, kí o wá fi ráútà gé ìyókù dé ojú ìlà.

Fi páálí líle tàbí MDF (pákó àtọwọ́dá) tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe bátànì ní ojú iṣẹ́, nítorí ògiri tó tọ́ gẹ́rẹ́ ṣọ̀wọ́n. Kọ ọ̀tún, òsì, iwájú àti ibi tí òkè wà sí ara bátànì náà. Ẹni tí kò kọ ọ́ ló máa ń gbẹ́ ihò síńkì sí òdìkejì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ igun. Igun inú kò gbọdọ̀ mú ṣóńṣó láéláé, yálà ti ihò sítóòfù, ti ihò síńkì, tàbí ibi tí káńtà ti tẹ̀ bí lẹ́tà L. Gbogbo agbára tó ń fa ṣíìtì ló máa ń kóra jọ sí ṣóńṣó náà. Jẹ́ kó rí róbótó: 6 mm ló kéré jù fún ìwọ̀n láti àárín òbìrí dé etí rẹ̀, 10 sí 12 mm ló dára jù. Fi ráútà gé igun náà láìdúró. Bí bíìtì bá dúró lójú kan, á jó o. Lẹ́yìn gígé, fi sáńpépà 180 (bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe tóbi tó ló ṣe kúnná tó) ha etí ihò yí ká, lókè àti nísàlẹ̀, títí ọwọ́ á fi gba orí rẹ̀ kọjá láìkọsẹ̀.

Ibi tí oríkèé gbọdọ̀ wà

Ṣètò oríkèé lórí bébà kí o tó gé. Kì í gba àárín ihò síńkì tàbí ti sítóòfù kọjá. Kí ó jìnnà sí etí ihò, ó kéré tán 75 mm. Kì í sì í wà lókè ẹ̀rọ ìfọ-abọ́, nítorí ooru tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń lu gọ́ọ̀mù lójoojúmọ́. Fún káńtà onígun L, má fi oríkèé sí ojú igun gan-an, má sì gé e ní ìdágun bí férémù àwòrán. Sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan tó 25 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí róbótó igun inú lè wà lára ṣíìtì kan ṣoṣo.

Lílẹ̀ tí ojú ò ní rí

Ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn fẹ́ràn solid surface ni pé oríkèé rẹ̀ lè pòórá. Kì í ṣe idán, ìmọ́tótó ni.

Kọ́kọ́ gé etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kọjú ṣíìtì méjì sí ara wọn, fi kíláǹpù (irin tí a fi ń fún nǹkan mọ́ra) mú wọn mọ́lẹ̀, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ 10 mm. Fi bíìtì 12 mm gba àárín kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tó tọ́. Á gé 1 mm kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ rẹ bá tiẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, ibi tí ọ̀kan bá ti yọ ni èkejì á ti wọnú, wọ́n á sì bá ara wọn mu. Sún wọn pọ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Bí bébà bá lè wọlé láàárín wọn, tún un gé. Gọ́ọ̀mù kò sí fún dídí ihò.

Fọ etí méjèèjì pẹ̀lú isopropyl tàbí sípíríìtì tí kò láwọ̀, kí o lo aṣọ funfun tó mọ́. Aṣọ tó láwọ̀ á fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ìwọ á sì rí i títí ayé. Lẹ́yìn èyí, má fi ọwọ́ kàn án mọ́, òógùn ọwọ́ nìkan tó láti sọ oríkèé di ìlà dúdú. Dúró kí sípíríìtì gbẹ tán. Lẹ téèpù mọ́ abẹ́ oríkèé kí gọ́ọ̀mù má baà jò sórí pláìwúùdù.

Gọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ ti acrylic, tó bá àwọ̀ ṣíìtì mu, nínú túùbù méjì tó so pọ̀: ìdá mẹ́wàá gọ́ọ̀mù sí ìdá kan ohun tó ń mú un le. Kí o tó fi ẹnu ìpòpọ̀ sí i, tẹ túùbù díẹ̀ títí méjèèjì á fi máa jáde. Fi ẹnu sí i wàyí, kí o sì da ìwọ̀nba àkọ́kọ́ tó bá jáde nù. Bí o bá fo èyí, ibì kan nínú oríkèé rẹ á máa rọ̀ bí jẹ́lì títí láé, o kò sì ní mọ̀ àfìgbà tí o bá ń fi sáńpépà ha á.

Èló ni o nílò? Oríkèé tó gùn tó 600 mm, tó nípọn tó 12 mm, tí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tó 1 mm, á gba nǹkan bí 7 ml. Ìtìlẹ́yìn tó máa wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìlà ṣíìtì tó fẹ̀ tó 75 mm, á gba bíi 14 ml. Fi èyí tó máa ṣẹ́ kù nínú ẹnu túùbù àti èyí tó máa yọ sókè kún un: túùbù 50 ml kan fún oríkèé kan, má ṣe fi í dógbọ́n.

Fi gọ́ọ̀mù kún ojú etí kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, sún ṣíìtì pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbọdọ̀ yọ sókè ní ìlà kan tí kò já. Ibi tí kò bá ti yọ, gọ́ọ̀mù kò dé ibẹ̀. Fi kún un kíákíá. O ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní 20°C, nínú ooru kò tó bẹ́ẹ̀. Má sì nu èyí tó yọ náà. Gọ́ọ̀mù a máa sún kì bó ṣe ń le, bí o bá ti nù ún, oríkèé á ṣe kòtò.

Láti fà wọ́n pọ̀, lẹ àwọn igi kéékèèké mọ́ ojú ṣíìtì pẹ̀lú gọ́ọ̀mù gbígbóná, 25 mm sí oríkèé, ní ìhà méjèèjì, ní gbogbo 150 mm. Fi kíláǹpù mú igi méjì méjì. Níbí ni ẹni tó lágbára jù ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: bí o bá fún un jù, gbogbo gọ́ọ̀mù á sá jáde, oríkèé gbígbẹ tí kò lágbára ló máa ṣẹ́ kù. Kí ó ṣáà fara kan ara wọn dáadáa, ó tó.

Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ibẹ̀ bá tutù. Fi èékánná tẹ èyí tó yọ: bí kò bá gba àpá, ó ti le. Kán sípíríìtì díẹ̀ sí ìdí àwọn igi náà, dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí o rọra gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á jábọ́ fúnra wọn. Ẹni tó bá fi ṣísẹ́ẹ̀lì yọ wọ́n á yọ ojú ṣíìtì mọ́ ọn.

Gọ́ọ̀mù tó yọ, fi ráútà tí o gbé lé pákó méjì gé e kúrò, kí ó ku bíi 0.3 mm, kí sáńpépà parí ìyókù. Lẹ́yìn náà ni kí o lẹ ìlà ṣíìtì kan náà, 75 mm ní fífẹ̀, mọ́ abẹ́ gbogbo gígùn oríkèé. Oríkèé tí kò ní ìtìlẹ́yìn yìí lè pẹ́ lóòótọ́, títí ẹnì kan á fi gun orí káńtà láti pààrọ̀ gílóòbù.

Etí iwájú

12 mm lásán a máa dà bí ẹni pé káńtà tín-ínrín, nítorí náà àwọn èèyàn máa ń lẹ ìlà méjì sí abẹ́ iwájú kó lè di 36 mm. Gọ́ọ̀mù àti ìmọ́tótó kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni iye kíláǹpù: ọ̀kan ní gbogbo 50 sí 75 mm. Bẹ́ẹ̀ ni, fún mítà mẹ́ta, ó lè tó ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kíláǹpù onísípíríìǹgì kéékèèké tó fún un ló yẹ, kì í ṣe onírin ńlá mẹ́fà. Ìlà funfun tí o máa ń rí ní etí iwájú káńtà àwọn míì, àárín kíláǹpù tó jìnnà síra ni.

Síńkì

Síńkì acrylic a máa lẹ̀ mọ́ abẹ́ káńtà pẹ̀lú gọ́ọ̀mù oríkèé kan náà. Gbẹ́ ihò kí ó kéré ju ẹnu síńkì lọ ní 3 mm yí ká, lẹ síńkì, jẹ́ kó le, kí o wá fi bíìtì onírìn-kiri tó ń tẹ̀lé ara síńkì gé ìyókù. Omi kò ní rí ibi kankan dúró sí. Síńkì onírin kò gba gọ́ọ̀mù yìí, sílíkọ́ọ̀nù àti ìkọ́ ni tirẹ̀, kí o sì fi pákó gbà á láti abẹ́, nítorí síńkì tó kún fún omi wúwo.

Ihò sítóòfù: ibi tí ẹjọ́ pọ̀ sí jù

Bí a bá kó gbogbo káńtà solid surface tó ti sán jọ, igun ihò sítóòfù ló máa gba ipò kìíní. Ooru wà níbẹ̀, ṣíìtì tó ṣẹ́ kù níwájú àti lẹ́yìn tín-ínrín, igun sì jẹ́ mẹ́rin. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe sí i, kò sí èyí tó ṣeé fò nínú wọn.

Àkọ́kọ́, àlàfo. Ihò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ara sítóòfù lọ, ó kéré tán 3 mm ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé sítóòfù bá ní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ̀lé ìwé. Irin sítóòfù kò gbọdọ̀ kan etí ṣíìtì. Èkejì, róbótó igun tí a ti sọ. Ẹ̀kẹta, ìtìlẹ́yìn igun: gé ṣíìtì kan náà sí 150 mm níbùú lóròó, mẹ́rin, ha etí òde wọn kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ abẹ́ igun kọ̀ọ̀kan *kí o tó* gbẹ́ ihò, kí ráútà lè gé méjèèjì pọ̀ ní ìlà kan. Bí o bá lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn gbígbẹ́, etí méjèèjì kì í sábà bára mu.

Ẹ̀kẹrin ni téèpù alumíníọ́mù. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ihò yí ká, kí apá kan wà lórí ṣíìtì lábẹ́ ètè sítóòfù, kí apá kan sọ̀ kalẹ̀ ní etí ihò, kí ìyókù sì wọ abẹ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti dí ooru. Ó ń tàn án ká, kí ó má baà dúró sí igun kan ṣoṣo. Ìkọ́ tó ń mú sítóòfù mọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ara ṣíìtì pẹ̀lú skúrù.

Títò

Gbé káńtà lé orí ìlà pláìwúùdù láìfi ohunkóhun lẹ̀ ẹ́. Yẹ àlàfo 3 mm wò yí ká. Gbé e sókè, kán sílíkọ́ọ̀nù tó tóbi tó owó ẹyọ sórí pláìwúùdù ní gbogbo 300 mm, kí o sì gbé e padà. Ó tán. Ìwúwo rẹ̀ á mú un dúró, sílíkọ́ọ̀nù á sì jẹ́ kó lè máa fẹ̀ kó máa sún kì. Gọ́ọ̀mù pákó, gọ́ọ̀mù ìkọ́lé tó ń le bí òkúta, skúrù láti abẹ́: gbogbo ìwọ̀nyí ń so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohun tó bá ní láti rìn tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ó máa já.

Apá tó ń dúró lára ògiri, sílíkọ́ọ̀nù ni kí o fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ìlà sílíkọ́ọ̀nù sì wà láàárín òun àti káńtà, kí méjèèjì má ṣe di ọ̀kan. Bí o bá ti fi pákó pẹlẹbẹ dí àlàfo kí káńtà má baà yẹ̀ nígbà tó ń gbẹ, rántí yọ wọ́n. Èyí tí o bá gbàgbé ni ògiri á gbà fún un pa.

Híha

Sáńpépà 120, 180, 240, 320. Má fo ìkankan. Àpá tí 120 bá fi sílẹ̀, 320 kò lè pa á rẹ́, ó kàn máa dán an ni. Lo ẹ̀rọ ìha tó ń yí lóríṣiríṣi, lọ ní gígùn lẹ́ẹ̀kan, dá a ní ìbú lẹ́ẹ̀kan, kí o sì nu eruku kúrò pátápátá láàárín ipele kọ̀ọ̀kan, nítorí eruku 120 kan tó bá kù lábẹ́ 240 á fa ìlà gbọọrọ. Parí rẹ̀ pẹ̀lú fóòmù ìha. Tan iná láti ẹ̀gbẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ wo ojú rẹ̀. Iná orí àjà kì í fi àpá hàn, oòrùn àárọ̀ láti ojú fèrèsé ni yóò fi hàn, nígbà tí o bá ti lọ.

Títẹ̀

Èyí tó jẹ́ acrylic nìkan ni o lè tẹ̀. Gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ wà láàárín 150 àti 165°C. Bí kò bá gbóná tó, á funfun ní ojú ibi títẹ̀ tàbí kó sán. Bí ó bá gbóná jù, á yọ iléròó, àwọ̀ á sì yí. Róbótó tó kéré jù fún 12 mm jẹ́ 75 mm, fún 6 mm ó jẹ́ 25 mm. Ha gbogbo etí rẹ̀ kó dán kí o tó gbé e wọ ààrò, nítorí ibi jíjá kékeré á ya bó ṣe ń tẹ̀. Ìṣẹ́jú tó máa lò dá lórí ààrò rẹ, nítorí náà fi àjákù gbìyànjú kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ṣíìtì gbọ́dọ̀ gbóná dọ́gba. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí a ń fọwọ́ mú kò lè ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ tutù lára bátànì títí ooru rẹ̀ á fi wá sísàlẹ̀ 80°C, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tún fẹ́ nà padà.

Bí ó bá ti bàjẹ́ ńkọ́?

Ìlà dúdú nínú oríkèé: ìdọ̀tí tàbí ọwọ́ òógùn. Ìlà funfun: gọ́ọ̀mù kò tó, tàbí kíláǹpù fún un jù. Ibi tó rọ̀: túùbù kan kò jáde bó ṣe yẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní oògùn míì ju pé kí o la oríkèé kí o tún un lẹ̀. Àárín tó wú sókè: wá ibi tí ògiri ti fún un, gé e.

Ọ̀bẹ tó fà á àti iná sìgá tó jó o díẹ̀, sáńpépà 180 lọ sí 320 á pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ha ibi tó fẹ̀ dáadáa yí ká kí ó má baà di kòtò. Ohun tó ń yọ ọ̀dà àti ásíìdì tó ń la páìpù síńkì, bí wọ́n bá dà sí i, fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Omi gbígbóná tí a fẹ́ dà sí síńkì acrylic, kọ́kọ́ ṣí omi tútù kí méjèèjì jọ máa ṣàn.

Èyí tó ti sán tàbí tó jóná wọnú, kò ṣeé kùn gọ́ọ̀mù sí lásán. Ojú ibẹ̀ á tún yà. Fi ráútà àti bátànì gé gbogbo ibi tó bàjẹ́ kúrò, kọjá ìpẹ̀kun ibi tó sán dé 25 mm, kí igun rẹ̀ rí róbótó. Fi òdìkejì bátànì náà gé àjákù tó bá a mu, kí ó wọ ihò náà pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, lẹ̀ ẹ́, fi ìtìlẹ́yìn sí abẹ́ rẹ̀, kí o sì ha á. Àjákù yìí gbọ́dọ̀ wá láti ara ṣíìtì kan náà, ìyẹn ló fi yẹ kí o ti lẹ ẹyọ kan tó tó 300 mm níbùú lóròó mọ́ inú kábínẹ́ẹ̀tì abẹ́ síńkì pẹ̀lú téèpù, ní ọjọ́ tí o tò ó.